Ìgbòkun Tó Wà Lórí Òpó

Ọkùnrin kan wà tí ó ń tu ọkọ̀ onígbòkun, tí ó ń ti ìlú òkèèrè bọ̀ wálé nítorí ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ obìnrin. Ọmọ kan ṣoṣo tí ó bí nìyẹn. Ó ti ṣèlérí fún un pé òun fúnra òun ni yóò gbé ọwọ́ lé e lórí lọ́jọ́ náà, kì í ṣe àbúrò òun.

Ìjì lé e wọ èbúté kan tí kò ti mọ ẹnì kankan. Àwọn ọkọ̀ mìíràn ti gúnlẹ̀ síbẹ̀. Àṣà àwọn atukọ̀ ni pé bí ìjì bá dá wọn dúró, wọn a tú ìgbòkun kúrò lórí òpó, wọn a sì tún un ṣe. Ọkùnrin yìí kò tú tirẹ̀. Okùn fẹ́ẹ́rẹ́ ló fi so ó mọ́ òpó, ó ní bí atẹ́gùn bá ti rọlẹ̀ báyìí, òun lòun yóò kọ́kọ́ jáde. Ó jókòó síbẹ̀, ó ń wojú ọ̀run, ó ń ṣépè fún ìjì.

Bàbá àgbà kan tí ọkọ̀ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀ tẹ́ ìgbòkun sílẹ̀ lábẹ́ àtíbàbà àwọn apẹja, ó ń rán an. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín.

Ó ní, "Bàbá, àbí ẹ fẹ́ kọ́lé síbí ni?"

"Mò ń lọ ni, ọmọ mi," ni bàbá fèsì. "Ìwọ náà tú tìrẹ kalẹ̀."

Kò tú u. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìjì já okùn náà, ó wọ inú aṣọ ìgbòkun, ó sì fà á ya láti òkè délẹ̀. Ọkùnrin náà gbé orí lé eékún, ó sunkún bí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀.

Bàbá kò bá a wí. Abẹ́rẹ́ ló nà sí i. Àwọn méjèèjì jọ jókòó, wọ́n ń rán. Nígbà tó yá, ó dà bíi pé ìjì fẹ́ lọ sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò tíì rán ìgbòkun náà tán. Ọkùnrin náà kò mọ ìgbà tí ó pariwo pé, "Olúwa, jọ̀ọ́, má tíì jẹ́ kí ó dáwọ́ dúró!" Ìjì tí ó ti ń ṣépè fún láti ọjọ́ yìí wá! Bàbá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ìjì kò dáwọ́ dúró títí wọ́n fi rán ibi tó kẹ́yìn. Nígbà tí òkun rọ̀, ọkùnrin náà ta ìgbòkun sórí òpó, ó ṣíkọ̀. Ó wọlé bí ọmọ rẹ̀ ti ń kúnlẹ̀ fún ìwúre. Ọwọ́ tí ó gbé lé ọmọ náà lórí, àpá abẹ́rẹ́ ló kún ibẹ̀.

Arákùnrin mi, ìwọ ni mò ń bá wí. Láti ìgbà tí iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ, àràárọ̀ lò ń wọ ẹ̀wù kóòtù bí ẹni tó ń lọ síbi iṣẹ́, tí ò ń jókòó ti fóònù, tí ò ń bínú sí Ọlọ́run. Mo mọ̀ pé ó ń dùn ọ́, ó ń dun èmi náà. Ṣùgbọ́n bọ́ kóòtù yẹn sílẹ̀ ná. Kọ̀ǹpútà tí o kò mọ̀ ọ́n lò, lọ kọ́ ọ. Ìyàwó rẹ tí ẹ kì í bára yín sọ̀rọ̀ mọ́, lọ jókòó tì í. Ìjì yìí yóò lọ. Tún ìgbòkun rẹ ṣe kí ó tó lọ.