Ọmọlanke Morádékẹ́

Etí òkun ni ìtàn mi gúnlẹ̀ sí, lọ́dọ̀ Morádékẹ́, opó tó ń yan ẹja tà. Olóyè Ọ̀ṣínówò fẹ́ gba ilẹ̀ rẹ̀, ó ní: “Kó àwọ̀n mi méjèèje dé etí omi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí o ò bá lè ṣe é, tàbí tí ará ìlú bá ràn ọ́ lọ́wọ́, ilẹ̀ rẹ di tèmi.” Morádékẹ́ yọ ilẹ̀kùn ilé ìdáná, ó ki irin bọ abẹ́ rẹ̀, ó fi kẹ́ẹ̀gì ńlá méjì ṣe ẹsẹ̀ ọmọlanke tí kò ní rì sínú yanrìn. Ó kó àwọ̀n méjèèje sí i, ó tì í dé òkìtì yanrìn tó kẹ́yìn, agbára rẹ̀ pin. Ó wo Olóyè tó ń tẹ̀ lé e. “Bàbá, iṣẹ́ géńdé ló kù. Àgbà bíi tiyín ò lè tì í.” “Èmi? Kúrò níbẹ̀!” Olóyè ká agbádá léjìká, ó ti ọmọlanke gun òkìtì, ó bá a sáré sọ̀kalẹ̀, ó bá a já sínú omi. Ló bá pariwo: “Wọ́n ràn ọ́ lọ́wọ́!” Morádékẹ́ kúnlẹ̀. “Bàbá, ará ìlú lẹ ní kó má ràn mí lọ́wọ́. Ẹ̀yin kì í ṣe ará ìlú, ẹ̀yin lẹ ni ìlú.” Olóyè ò jẹ́ sẹ́ ìyẹn. Ó fún omi agbádá rẹ̀, ó ní kí Morádékẹ́ máa gbé lórí ilẹ̀ rẹ̀, kó sì kan ọmọlanke kan fún òun náà.