Káfíńtà tí Wọ́n Ní Ike Oògùn Pa

Ọkùnrin kan wà, káfíńtà ni, tí gbogbo àdúgbò ní ike oògùn àfàsímú ló pa á. Oyèéyẹmí, ìtàn yìí náà ni o gbọ́ tí o fi ti ike tìrẹ bọ ìsàlẹ̀ àpótí. Èmi a máa fura sí ìtàn tí gbogbo ẹnu ń sọ bákan náà, tí kò ṣojú ẹnikẹ́ni. Gbọ́ bí ó ti rí.

Nígbà tí dókítà rí i pé ikọ́ sémìí-sémìí ni ó ń yọ káfíńtà náà lẹ́nu, ó fún un ní ike méjì. Aláwọ̀ pákó ni kí ó máa fà láràárọ̀ àti lálaalẹ́, kódà bí ara rẹ̀ bá le, kí ọ̀nà èémí rẹ̀ má baà máa wú. Aláwọ̀ búlúù wà fún ìgbà tí èémí bá há.

Ìyàwó rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bàbá Àdùnọlá, oògùn kì í mà ṣe ẹ̀kọ àárọ̀. Ẹni tí ara rẹ̀ le tí ó ń lo oògùn, àìsàn ni ó ń ké sí."

Ọkọ gbà. Ó ju aláwọ̀ pákó sórí àjà, búlúù nìkan ni ó ń fi sápò. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni ó ń fà á. Nígbà tí ó yá, kò lè rẹ́ pákó kan tán láìfà á. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ a máa fi ṣẹ̀fẹ̀: "Ọ̀gá, ẹ tún ti tanná sí sìgá!" Kò sí ẹni tí ó bi í pé kí ló dé tí ó fi ń pọ̀ sí i.

Ní ọjọ́ ọyẹ́ kan, ó ń rẹ́ ìrókò, èémí rẹ̀ há. Ó fa búlúù títí, kò gbọ́. Ó ṣubú. Wọ́n sáré gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, ike náà ṣì wà nínú ìkúùkù rẹ̀. Ohun tí àdúgbò rí nìyẹn, òun náà ni wọ́n sì dá lẹ́bi. Ẹni tí a fà jáde nínú odò pẹ̀lú okùn lọ́wọ́, ṣé okùn ni ó fẹ́ mú un rì? Ike kejì wà lórí àjà, kò tíì sí ẹni tí ó já ọ̀rá ara rẹ̀.

Ara ìwọ náà le lónìí, Oyèéyẹmí, o sì rò pé ìyẹn tó. Ọ̀nà èémí tí ó ń wú kì í pariwo. Máa fa aláwọ̀ pákó nígbà tí ara le. Bí búlúù bá sì ń di ohun tí o ń wá lemọ́lemọ́, padà tọ dókítà lọ.

Ní ti ikú káfíńtà, mo bi àwọn tí ń ròyìn rẹ̀ pé níbo ni wọ́n sin ín sí. Kò sí ẹni tí ó mọ̀. Káfíńtà náà kò kú; ó kó ìsọ̀ rẹ̀ lọ sí Ìrágbìjí nígbà tí ara rẹ̀ yá. Àga tí o jókòó lé yẹn, òun ni ó kàn án, ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá.