Lọ́rì Tí Òkè-Amọ̀ Kò Gbọ́ Ohùn Rẹ̀ Mọ́

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ bi ara wa léèrè ohun tí a ti mọ̀. Bí ẹ bá wà ní ẹ̀yìnkùlé, tí ẹnì kan wúkọ́ ní ọ̀ọ̀dẹ̀, ṣé ẹ kì í mọ̀ bóyá bàbá yín ni tàbí àlejò? Bí bàtà bá ń dún bọ̀ lójú ọ̀nà, ṣé ẹ kì í mọ ẹni tó wọ̀ ọ́? Gbogbo wa la mọ èyí, ṣùgbọ́n a kì í sábà rò ó. Ọkùnrin tí ìtàn yìí dá lé lórí náà mọ̀ ọ́n. Kò rò ó títí ó fi pẹ́ jù.

Ọlátẹ́jú ni orúkọ rẹ̀. Awakọ̀ ni ní ìlú Ìlódò. Bàbá rẹ̀ ló fi lọ́rì àtijọ́ kan sílẹ̀ fún un, irú èyí tí iwájú rẹ̀ jẹ́ irin, tí gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀ sì jẹ́ pákó ìrókò. Káfíńtà tó kan ẹ̀yìn náà fi ọ̀dà kọ ọ́ sí òkè iwájú rẹ̀ pé: "Ará Ilé Ń Retí." Ọkọ̀ náà kì í yára. Bó bá ń gun òkè, ńṣe ló máa ń kérora bí ẹni tó ru igi tútù. Fèrè kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn awakọ̀, tó ní rọ́bà róbótó nídìí. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́ kó tó dún. Láyé ìgbà náà, awakọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní bó ṣe ń fún fèrè tirẹ̀. Kúkúrú mẹ́ta, gígùn kan, ni ti bàbá Ọlátẹ́jú. Ọmọ kò yí i padà.

Ní gbogbo ọjọ́ ọjà Ìlódò, Ọlátẹ́jú á gba abúlé mẹ́fà kọjá láàárọ̀ láti kó èrò. Àwọn ará abúlé wọ̀nyí kì í dúró sójú ọ̀nà dè é. Ilé ni wọ́n máa ń wà, tí wọ́n ń ṣe iṣẹ́ wọn, títí wọn á fi gbọ́ ìkérora ẹ́ńjìnnì náà lórí òkè, àti kúkúrú mẹ́ta, gígùn kan. Ìgbà náà ni ilẹ̀kùn á máa ṣí, tí wọ́n á máa gbé ẹrù jáde.

Òkè-Amọ̀ ni abúlé tó kẹ́yìn. Ibẹ̀ ni Ìyá Aríkẹ́ ń gbé, àgbàlagbà amọ̀kòkò tí ojú rẹ̀ ti ń ṣú. Kò jẹ́ gbé ìkòkò rẹ̀ sínú ọkọ̀ mìíràn, nítorí àwọn tó ń sáré máa ń fọ́ ọ.

"Ọlátẹ́jú, ọmọ bàbá ẹ!" ni ó máa ń wí. "Ìkòkò mi ti sùn lọ kí o tó dé."

"Ẹ jí wọn, Ìyá. Ọkọ̀ wọn ti dé."

Ẹ fi ọ̀rọ̀ àwàdà kékeré yẹn sọ́kàn. Ìyàwó Ọlátẹ́jú ti kú, wọn kò sì bímọ. Láàárín ọjọ́ ọjà kan sí èkejì, ó lè jí, kó jẹun, kó tún sùn, kí ẹnikẹ́ni má pe orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Ní ọdún kan, mẹkáníìkì kan tó ń jẹ́ Kọ́lápọ̀ dé sí Ìlódò. Ó ní eré ọkọ̀ kan wà ní pápá ọkọ̀ òfuurufú tí wọ́n ti pa tì. Ọkọ̀ méjì á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Bí àsíá bá ti wálẹ̀, kí ènìyàn tó ka ogún, eré ti parí. Ó yí lọ́rì Ọlátẹ́jú ká, ó ń fọwọ́ pa á lórí.

"Ẹ̀gbọ́n, irú iwájú ọkọ̀ báyìí ti tán láyé! Ẹ sì ń fi í kó ìkòkò?"

"Kí ni kí n fi kó?"

"Ẹ má kó nǹkan kan! Ẹ jẹ́ kó sáré. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló ń pé jọ síbẹ̀. Orúkọ yín ni gbogbo wọn á máa pè."

Gbólóhùn tó kẹ́yìn yìí ló mú un. Ní ọjọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, ó sọ fún Ìyá Aríkẹ́ pé òun fẹ́ tún ọkọ̀ ṣe.

"Kí ló ṣe é?" ni ìyá béèrè.

"Kò ṣe nǹkan kan."

"Ohun tí kò ṣe nǹkan kan lo fẹ́ tún ṣe? Ó dáa. Ṣáà má pẹ́."

Oṣù mẹ́ta ni iṣẹ́ náà gbà. Kọ́lápọ̀ ní pákó wúwo jù, ó tú u. Aládùúgbò kan kó o lọ dáná. Ó yọ ẹ́ńjìnnì, ó tà á fún àwọn tó ń yọ́ irin, ó sì fi èyí tó lágbára gan-an rọ́pò rẹ̀. Ó gé páìpù èéfín kúrú, ó kun ọkọ̀ ní pupa, ó fi fèrè oníná sí i. Ó ju fèrè àtijọ́ sí abẹ́ tábìlì iṣẹ́ rẹ̀.

Ọlátẹ́jú borí ní ọjọ́ eré. Àwọn èrò sì pariwo lóòótọ́. "Pupa! Pupa!" ni wọ́n ń pè, nítorí ọ̀dà ọkọ̀ náà. Kò sẹ́ni tó mọ orúkọ awakọ̀. Wọ́n fún un ní ife ẹ̀yẹ kan, wọ́n sì gba ilé wọn lọ.

Ọjọ́ kejì bọ́ sí ọjọ́ ọjà. Ó gbé ife náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀, ó ní àwọn èèyàn òun ni òun ó fi í hàn. Ó dé abúlé àkọ́kọ́, ó tẹ fèrè tuntun. Kò sẹ́ni tó jáde. Ní abúlé kejì, obìnrin kan fa ọmọ rẹ̀ wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Bẹ́ẹ̀ ló rí títí dé ìkarùn-ún.

Ní Òkè-Amọ̀, ó rí Ìyá Aríkẹ́ níwájú ilé rẹ̀, ìkòkò tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú koríko gbígbẹ, ó kọ etí sí ọ̀nà òkè. Ọlátẹ́jú pa ọkọ̀.

"Ẹ káàárọ̀, Ìyá."

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni. Ọlátẹ́jú."

"Irọ́ ni. N kò gbọ́ ọ."

Ó dìde, ó na ọwọ́ síbi tí pákó ìrókò máa ń wà. Ọwọ́ rẹ̀ bọ́ sínú afẹ́fẹ́. Ọlátẹ́jú sáré gbé ife ẹ̀yẹ lé e lọ́wọ́. Ìyá fi ìka lù ú jẹ́jẹ́, ó gbé e sétí, bí amọ̀kòkò ṣe ń dán ìkòkò wò kó tó tà á.

"Kò sán," ni ó wí. "Omi wo ló ń pọn?"

Ọlátẹ́jú gba ife náà padà. Ó ní, "Ìyá, abúlé márùn-ún ni mo là kọjá. Ẹnì kan kò jáde. Kí ni mo fi ṣe wọ́n?"

"O kò fi nǹkan kan ṣe wọ́n. Wọ́n wà nílé tí wọ́n ń dúró dè ọ́, bí èmi náà ṣe ń dúró láti oṣù mẹ́ta. Ohùn tí a mọ̀ là ń dá lóhùn, ọmọ mi. Ìwọ lo pààrọ̀ tìrẹ. Má bínú sí ìdákẹ́jẹ́."

Kò síbi tí wọn ó kó ìkòkò sí lẹ́yìn ọkọ̀ náà. Àwọn méjèèjì gbé wọn padà sínú ilé, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ọlátẹ́jú rí fèrè àtijọ́ náà lábẹ́ tábìlì Kọ́lápọ̀, ó sì dè é padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ọkọ̀. Ẹ́ńjìnnì àtijọ́ kò ṣeé rí mọ́, nígbà tó sì di oṣù kejì, ọkọ̀ mìíràn ti gba ọ̀nà náà. Síbẹ̀, ní gbogbo ọjọ́ ọjà, ó máa ń dúró nísàlẹ̀ Òkè-Amọ̀, á pa ariwo ọkọ̀ rẹ̀, á tẹ fèrè: kúkúrú mẹ́ta, gígùn kan. Ìyá Aríkẹ́ kò ní gbé ìkòkò jáde. Á kàn ké láti inú ilé pé, "Mo gbọ́ o, Ọlátẹ́jú!" Òun á sì ṣẹ́rí ọkọ̀ padà.

Láti ibẹ̀ ni àwọn àgbà Ìlódò ti mú un tí wọ́n fi ń pa á lówe pé: ohùn tí a mọ̀ là ń dá lóhùn, ẹni tó bá pààrọ̀ tirẹ̀, kó má bínú sí ìdákẹ́jẹ́. Ẹ̀yin náà, bí ẹnì kan bá ń bọ̀ wálé lónìí, ẹ má tíì gbójú sókè. Ẹ fetí sílẹ̀ ná, kí ẹ sì kọ́kọ́ pe orúkọ rẹ̀.