Ewé Òrí fún Àfòpiná

Kí ni ìyá lè sọ fún ọmọ tó bi í pé, "Ẹ ò ṣe jẹ́ kó yó?"

Obìnrin kan wà, ó ní ọmọbìnrin kan ṣoṣo, ojú rẹ̀ kì í kúrò lára ọmọ náà. Nígbà tí wọ́n ń ká kòkòrò tó ń fàyà wọ́ lórí igi òrí, tí wọ́n ń bọ̀ ọ́, tí wọ́n ń sá a sóòrùn fún ọbẹ̀, ọmọ náà bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n fi ọ̀kan sílẹ̀ fún òun. Ìyá gbà. Ọmọ bu iyẹ̀pẹ̀ sínú ìkòkò, ó fi kòkòrò sí i, ó sì ń já ewé òrí wá fún un. Kòkòrò náà ń jẹ ewé bí iná ṣe ń jẹ oko gbígbẹ.

Kò pẹ́, ìyá gbọ́ pé wọ́n pa ejò lábẹ́ igi òrí. Ẹ̀rù bà á, ó pe ọmọ náà.

"Ó tó gẹ́ẹ́. O ò gbọdọ̀ débẹ̀ mọ́."

"Màmá, kò tíì yó."

"Tó bá dàgbà, tó hu ìyẹ́, á jẹ."

Ìyá ọkọ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Ìyàwó, ìwọ tó o ní bàtà òjò ńkọ́? Lọ já a fún un. Ejò ò ní gbé ọ níyàwó."

"Màá lọ lọ́la, mà."

Ọ̀la di ọ̀tunla, kò lọ. Kòkòrò náà rì wọnú iyẹ̀pẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀rùn kọjá. Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, kòkòrò náà di àfòpiná, ó sì jáde nínú ìkòkò. Ó kéré, ìyẹ́ rẹ̀ rún bí aṣọ tí wọ́n fún. Ìyá fúnra rẹ̀ sáré lọ sídìí igi, ó já ewé tútù wá. Àfòpiná ò yíjú sí i. Ìyá po oyin mọ́ omi, àfòpiná ò lá a. Ọmọ dojú bolẹ̀, ó ń wo iwájú orí àfòpiná náà.

"Màmá, ẹnu rẹ̀ dà?"

Ìyá tẹ̀ ba. Ó wò, ó tún wò, kò rí ẹnu kankan. Ewé bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ fi mọ́, àfòpiná náà ti kú.

"Ẹ sọ pé tó bá dàgbà á jẹ. Ẹ ò ṣe jẹ́ kó yó?"

Ìwọ tí ò ń tọ́mọ, tó o ń sọ pé, "Ó ṣì kéré, tó bá dàgbà màá jókòó bá a sọ̀rọ̀," ìwọ ni mò ń bá wí. Lónìí tó ń bi ọ́ ní ìbéèrè, dá a lóhùn. Bí ẹ̀rù bá ń bà ọ́, wọ bàtà rẹ tẹ̀rù-tẹ̀rù, kó o lọ já ewé.

Obìnrin yẹn rò pé ebi ló ba ẹnu àfòpiná náà jẹ́. Ó pẹ́ gan-an kó tó mọ̀ pé kò sí ìkankan nínú àfòpiná igi òrí tó ní ẹnu tó lè jẹun, àní èyí tó yó pàápàá. Ohun tí wọ́n jẹ nígbà tí wọ́n ń fàyà wọ́ ni wọ́n ń ná títí wọ́n á fi kú.