Bátìrì Tí Ó Jẹrà Sínú Awò Ìbọn

Ọkùnrin ọdẹ kan wà lápá Òkè-Ògùn tí ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì. Kò tíì darúgbó, ṣùgbọ́n bí ẹran bá dúró níwájú rẹ̀ ní àfẹ̀mọ́júmọ́, ẹran àti kùkùté igi kì í yàtọ̀ lójú rẹ̀ mọ́. Ó ti ń ronú àtigbé ìbọn kọ́ títí láé nígbà tí àbúrò ìyàwó rẹ̀, tí ó ń gbé ní ìlú ńlá, mú awò ìbọn kan wá fún un. Orí ìbọn ni wọ́n ń de awò náà mọ́. Bí a bá tàn án tí a sì fi ojú sí i, àmì pupa kékeré kan yóò yọ nínú rẹ̀. Ibi tí àmì náà bá bà lé lára ẹran, ibẹ̀ ni ọta yóò bá. Bátìrì ni ó ń lò. Láìsí bátìrì, kò sí àmì.

Àbúrò ìyàwó yìí kọ́ ọ bí a ti ń tọ́jú rẹ̀. Ó ní kí ó máa pa á bí ó bá ti dé láti ìgbẹ́. Ó ní bí òjò bá wọlé tí wọ́n fi ọdẹ sílẹ̀, kí ó yọ bátìrì kúrò, kí ó fi aṣọ gbígbẹ nu ojú irin tí ó ń fara kàn, kí ó sì gbé bátìrì náà sọ́tọ̀ síbi tí kò gbóná tí kò sì lọ́rinrin. Bátìrì tí a gbàgbé sínú ilé rẹ̀ a máa jo omi, omi náà a sì máa jẹ irin. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, kí ó fi tuntun sí i, kí ó dán an wò nílé kí ó tó gbé e lọ pàdé ẹran. Ìyàwó ọdẹ wà níbẹ̀, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Lọ́dún kìíní, ọkùnrin náà ṣe bẹ́ẹ̀. Lọ́dún kejì, ó tún ṣe é, ó sì ń pa ẹran bí ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀. Nígbà tí òjò wọlé lọ́dún kẹta, ó gbé ìbọn kọ́ ara ògiri pẹ̀lú awò àti bátìrì inú rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ rán an létí. Ọkùnrin náà ní òun yóò yọ ọ́ lọ́la. Nígbà tí iṣu tuntun jáde, obìnrin náà tún rán an létí. Ọkùnrin náà ní ṣé obìnrin ni yóò wá kọ́ òun níṣẹ́ ọdẹ ni.

Ẹ̀ẹ̀rùn dé. Ẹlẹ́dẹ̀ igbó ń hú ẹ̀gẹ́ àwọn ará abúlé, àwọn ọdẹ sì kó ara wọn jọ láti lé wọn jáde nínú igbó. Wọ́n fi ọkùnrin yìí sí ẹnu ọ̀nà tí àwọn ẹran yóò gbà, nítorí òun ni ó ní awò. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ kọ́ṣẹ́ dúró níwájú rẹ̀ díẹ̀, lápá òsì. Akọ ẹlẹ́dẹ̀ kan já jáde. Ọdẹ gbé ìbọn sókè, ó tan awò, ó fi ojú sí i. Kò rí àmì kankan. Ó tún un tẹ̀. Kí ó tó gbójú kúrò nínú awò, ẹlẹ́dẹ̀ náà ti fi eyín ya itan ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Wọ́n gbé ọ̀rẹ́ náà lọ sí ilé ìwòsàn lórí ọ̀kadà. Kò kú. Ṣùgbọ́n wọ́n sọ fún un pé ẹsẹ̀ náà kò ní lè nà tán mọ́.

Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, Olúọdẹ, tí í ṣe olórí wọn, pè wọ́n jọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀. Wọ́n tẹ́ ìbọn náà sílẹ̀ láàárín wọn bí ẹni tẹ́ òkú. Wọ́n ní ìbọn ọdẹ kì í ṣàdédé fọ́jú. Ẹnì kan ní ilé àna ni awò náà ti wá. Ẹlòmíràn ní òun ti rí ìyàwó ọdẹ tí ó ń gbálẹ̀ lábẹ́ ibi tí ìbọn wà. Kò pẹ́ tí wọ́n fi fẹnu kò pé obìnrin náà ti fọwọ́ kan ìbọn ọkọ rẹ̀ nígbà tí kò yẹ, èyí tí í ṣe èèwọ̀ Ògún. Wọ́n ránṣẹ́ pè é. Wọ́n ní kí ó kúnlẹ̀, kí ó jẹ́wọ́, kí ó mú ewúrẹ́ kan wá láti fi tu Ògún lójú, ọ̀rọ̀ yóò sì tán.

Ọkọ rẹ̀ wà níbẹ̀. Ó ti dá ṣí awò náà wò lọ́jọ́ tí wọ́n ti ìgbẹ́ dé. Ó mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Ó ń wolẹ̀. Ó ń rò ó pé ewúrẹ́ kan kò pọ̀jù, pé òun fúnra òun yóò rà á, pé ìyàwó òun yóò bínú títí yóò sì rọ̀, àti pé orúkọ òun kò ní bàjẹ́ láàárín ẹgbẹ́.

Obìnrin náà kò kúnlẹ̀, kò sì sunkún.

Ó ní, "Ẹ̀yin bàbá mi, mo ti ń kúnlẹ̀ kí yín láti ọjọ́ tí mo ti wọlé ọkọ, n ó sì tún máa kúnlẹ̀ kí yín. Ṣùgbọ́n mi ò ní kúnlẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Mi ò ṣe é."

Àgbà kan bi í bóyá ó ń pe àwọn ní òpùrọ́. Ó ní òun kò pe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Ó wo ọkọ rẹ̀. Ìbá sọ ohun tí ó ti rán an létí lẹ́ẹ̀mejì, ṣùgbọ́n kò sọ ọ́. Ó dúró, ó ń wò ó ni.

Olúọdẹ ní bí kò bá ní kúnlẹ̀, kí ó kẹ́rù rẹ̀ lọ sílé bàbá rẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀. Obìnrin náà ní òun ti gbọ́. Ó yípadà, ó forí lé ọ̀nà.

Ìgbà náà ni ọkọ rẹ̀ tó dìde. Ó gbé ìbọn nílẹ̀, ó tú ìdérí ilé bátìrì, ó sì da ohun tí ó wà níbẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Bátìrì náà ti wú, ó ti bu funfun bí ẹfun, ìpẹtà sì ti jẹ irin inú rẹ̀ tán. Ó gbé e kọjá níwájú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ní, "Èmi ni mo fi í sílẹ̀ láti ìgbà òjò. Ìyàwó mi sọ fún mi, mi ò gbọ́. Bí Ògún bá ń bínú, èmi ni kí ó bínú sí."

Olúọdẹ rọra sọ fún un pé kí ó dé e padà. Ó ní ọ̀pọ̀ ọkùnrin tí ó jókòó níbẹ̀ ni wọ́n ti mú ìyàwó tiwọn kúnlẹ̀ lórí irú ọ̀rọ̀ báyìí rí. Ó bi í bóyá ó fẹ́ tú gbogbo ilé ká ni.

Ọdẹ náà ní, "Bàbá, mi ò ní dé e."

Wọ́n ní kò gbọdọ̀ bá ẹgbẹ́ dẹ ìgbẹ́ mọ́ títí di ẹ̀ẹ̀rùn tí ń bọ̀. Ó gbà. Ó lọ bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ lórí ibùsùn, ó ro gbogbo rẹ̀ fún un. Ọ̀rẹ́ náà ní òun kò tíì lè dárí jì í, ṣùgbọ́n òtítọ́ tí ó sọ kò jẹ́ kí òun máa bá obìnrin aláìṣẹ̀ ṣọ̀tá títí òun ó fi kú. Ọdẹ bá a ro oko rẹ̀ lọ́dún náà àti lọ́dún tí ó tẹ̀ lé e. Ìyàwó rẹ̀ kò lọ sílé bàbá rẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n kò yìn ín. Ohun tí ó sọ kò ju gbólóhùn kan lọ: "Bàbá Àyọ̀kúnlé, ẹ pẹ́ kí ẹ tó dìde." A gbọ́ pé lọ́dún náà, ọkùnrin mìíràn nínú ẹgbẹ́ yọ́ lọ bẹ ìyàwó tirẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi, ìwọ ni mo ń bá wí. O wá sọ fún mi pé ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ obìnrin ni ó wà nídìí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ rẹ tí ó nọ́ọ̀kì, tí ó kú lójú ọ̀nà, pé kí n bá ọ gbàdúrà kí ọwọ́ rẹ̀ lè gbẹ. Mo bi ọ́ pé ìgbà wo ni o yí ọ́ìlì ọkọ̀ náà kẹ́yìn. O wolẹ̀. Gbogbo àdúgbò ti gbà ọ́ gbọ́ báyìí, àwọn ọmọdé kì í sì í gba oúnjẹ lọ́wọ́ obìnrin náà mọ́. Mi ò ní gba àdúrà yẹn, bí o bínú kí o bínú. Dìde. Oòrùn ṣì wà lókè. Lọ sójúde rẹ̀, níbi tí gbogbo wọn yóò ti rí ọ, kí o dọ̀bálẹ̀, kí o sì sọ ọ́ sókè pé ìwọ ni.