Irin Ẹsẹ̀ Oyèdòkun

Nígbà tí Oyèdòkun bíríkìlà já bọ́ láti orí ilé, tí eegun ojúgun rẹ̀ ṣẹ́, dókítà fi irin gún eegun náà, ó sì so àwọn irin náà pọ̀ níta ara. Ó ní oṣù mẹ́rin ni àwọn irin náà máa lò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní agboolé Oyèdòkun, bí eegun èèyàn bá ṣẹ́, wọ́n á ṣẹ́ ẹsẹ̀ adìyẹ kan, wọ́n á dì í. Ọjọ́ tí adìyẹ bá rìn ni aláìsàn náà á rìn. Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún Oyèdòkun náà.

Oṣù kan péré, adìyẹ ti ń sáré kiri. Oyèdòkun bá mú sípánà.

“Àṣàbí, adìyẹ ti rìn. Mo fẹ́ tú irin yìí.”

Ìyàwó rẹ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú. “Bàbá Délé, ṣé adìyẹ máa gun àkàbà ni? Ẹ jẹ́ kó máa jẹ àgbàdo rẹ̀ lọ.”

Oyèdòkun rẹ́rìn-ín, àmọ́ omi bọ́ lójú rẹ̀. “Ẹ̀rù ló ń bà mí, kí n má baà di arọ.”

“Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Ẹ gbé ẹsẹ̀ wá.”

Láràárọ̀ ni Àṣàbí ń fi omi iyọ̀ nu ìdí irin kọ̀ọ̀kan, bí nọ́ọ̀sì ṣe kọ́ ọ, títí oṣù mẹ́rin fi pé.

Lọ́jọ́ tí wọ́n tú irin náà, Oyèdòkun dìde, ẹsẹ̀ náà sì gbé e dúró. Nọ́ọ̀sì na ọ̀pá ìtilẹ̀ sí i. Ó mi orí, ó gbá èjìká Àṣàbí mú.

“Ọ̀pá tèmi rè é.”