Bí Ọdẹ́tókun Ṣe Dá Ilé Ìgbafẹ́ Ìjọ̀wà Sílẹ̀

Ìgbà kan wà tí ìlú Ìjọ̀wà fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa ara rẹ̀ run. Kì í ṣe ọ̀tá láti òkèèrè ló gbé ogun tì í. Àwọn ọmọ tí ìlú bí ni wọ́n ń fi àdá ṣá ara wọn. Nígbà tí igi tán nínú igbó, tí ilé-iṣẹ́ tó ń la gẹdú lẹ́bàá odò sì kógbá wọlé, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ àwọn géńdé, àwọn àbúrò wọn tó ń jáde nílé ìwé kò sì rí nǹkan kan dì mú. Àdúgbò méjì ló wà ní Ìjọ̀wà: Òkèsàn, níbi tí àwọn tó tẹ ìlú dó ń gbé, àti Ìsàlẹ̀-Omi, níbi tí àwọn tó tẹ̀lé iṣẹ́ gẹdú wá ti fìdí kalẹ̀. Láyé àtijọ́, aáwọ̀ wọn kò ju kí a fi ọ̀rọ̀ bú ara ẹni lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò níṣẹ́ kì í pẹ́ ríjà. Wọ́n jà nídìí ẹ̀rọ omi, wọ́n jà nítorí ọmọge, èyí tó wá burú jù ni ti bọ́ọ̀lù. Kò sí pápá kankan nílùú. Ojú títì ni àwọn ọmọ ti ń gbá a. Bí bọ́ọ̀lù bá ti yí kọjá sí àdúgbò kejì, ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n fi ń gbà á padà.

Ní Òkèsàn ni Ọdẹ́tókun Àjàgbé ń gbé, ọkùnrin gìrìpá, apá rẹ̀ bí ìtì igi, àyà rẹ̀ bí ilẹ̀kùn ààfin. Òun ni olórí àwọn agégẹdú nígbà tí iṣẹ́ ṣì wà. Ṣáájú ìyẹn, ìjàkadì ló fi gbajúmọ̀, kò sì sí ọmọ ìyá ẹnì kan ní gbogbo agbègbè náà tó fi ẹ̀yìn rẹ̀ kanlẹ̀ rí. Àwọn obìnrin a máa kì í pé: “Àjàgbé, àràbà tí ìjì ń tọrọ ọ̀nà lọ́wọ́ rẹ̀! A-dáni-má-bú-ni! Ó dá ọ tán, ó na ọwọ́ sí ọ kí o dìde.” Ọmọ kan ṣoṣo ló dúró fún òun àti Ṣẹ̀gilọlá aya rẹ̀, lẹ́yìn tí wọ́n ti sin àwọn yòókù. Ọláìtán ni wọ́n sọ ọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan nínú ọ̀gbẹlẹ̀, Ọláìtán ta bọ́ọ̀lù, bọ́ọ̀lù yí wọ Ìsàlẹ̀-Omi, ọmọ náà sì sáré tẹ̀lé e. Akínṣọlá, ọmọ Fádáìró bíríkìlà, ló dúró dè é níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ di ariwo, ariwo di ìjà, Akínṣọlá sì fa àdá yọ. Ọláìtán kò dé ilé ìwòsàn kí ẹ̀mí rẹ̀ tó bọ́. Àwọn ọlọ́pàá mú Akínṣọlá lọ, ó sì ti lọ títí láé, nítorí kò padà dé Ìjọ̀wà mọ́.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àwọn ọ̀dọ́ Òkèsàn kún ojúlé Ọdẹ́tókun fọ́fọ́ pẹ̀lú àdá àti kẹrosíìnì. Láwọyin, ọ̀dọ́mọkùnrin tó jẹ́ olórí wọn, dọ̀bálẹ̀, ó ní, “Bàbá, ẹ ṣáà ti wí. Ilẹ̀ kò ní ṣú kí Ìsàlẹ̀-Omi tó di eérú.”

Ọdẹ́tókun jókòó sórí àpótí, ó ń wo ilẹ̀ bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́. Nígbà tó ṣe, ó dìde.

“Ẹ gbọ́,” ló wí. “Ọmọ mi ló kú, kì í ṣe ọmọ yín. Bí ẹ̀jẹ̀ bá lè jí i, èmi ni n bá ṣíwájú yín. Àmọ́ bí ẹ bá pa tiwọn lónìí, wọn á pa tiyín lọ́la, àwa arúgbó la óò wá kù tí a ó máa gbẹ́ ilẹ̀ sin yín. Mo ti gbẹ́ ilẹ̀ tó. Ṣé ẹ mọ ohun tó pa Ọláìtán? Ìlú tí ọmọ méjì kò ti ríbi ṣeré láìtẹ ilẹ̀ ara wọn ló pa á. Ẹ gbé àdá yín. Ẹ da kẹrosíìnì yẹn nù. Ẹ tẹ̀lé mi, igbó ni a fẹ́ lọ ṣán.”

Ó kó wọn lọ sí ojú ààlà àdúgbò méjèèjì. Ilẹ̀ gbalasa kan wà níbẹ̀ tó ti di ààtàn, tí ewé eèsún bò, tí ẹnikẹ́ni láti ìhà méjèèjì kì í fẹ́ tẹ̀. Ọdẹ́tókun tẹ̀ ẹ́. Ó gbé àdá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣán an. Àwọn ará Ìsàlẹ̀-Omi rí àdá tó ń kọ mànà, wọ́n rò pé ogun ti dé, wọ́n jáde tìbọntìbọn. Ohun tí wọ́n bá ni bàbá olókùú tó ń ṣán koríko, tí omijé ń bá òógùn ṣàn lójú rẹ̀. Láàárín wọn ni Fádáìró, bàbá Akínṣọlá, ti jáde wá, ó dojú bolẹ̀ nínú ìdọ̀tí.

“Ẹ̀gbọ́n,” ló wí, “ẹ pa mí. Ẹ pa mí kí ojú ó má tì mí mọ́.”

“Dìde,” ni Ọdẹ́tókun sọ. “Mo gbọ́ pé o mọ ilé í mọ.”

“Mo mọ̀ ọ́n díẹ̀.”

“Ó tó. Mú àdá dání.”

Báyìí ni Ilé Ìgbafẹ́ Ìjọ̀wà, ibi tí ọmọ àdúgbò méjèèjì yóò ti máa ṣeré, ṣe bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí Fádáìró fi búlọ́ọ̀kù àkọ́kọ́ lélẹ̀, Ṣẹ̀gilọlá dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀, ó sì sọ fún ọkọ rẹ̀ pé, “Baba Ọláìtán, ẹ ti pín ọmọ mi fún ìlú. Èmi kò sí níbẹ̀ nígbà tí ẹ ń pín in. Ẹ má pè mí wá jẹ níbẹ̀.” Kò kọ ọkọ rẹ̀ sílẹ̀ o. Ó ń se oúnjẹ rẹ̀, ó ń bu omi ìwẹ̀ rẹ̀. Àmọ́ kò dárúkọ ilé náà mọ́, bí ó bá sì ń lọ sọ́jà, ọ̀nà ẹ̀yìn odò ló ń gbà, bó tilẹ̀ jìn.

Ìjọba kò fi ohunkóhun sí i. Ìlú ló fi apá ara rẹ̀ kọ́ ọ. Àwọn ará Ìsàlẹ̀-Omi wa yanrìn lódò, àwọn ará Òkèsàn ru pákó wá, àwọn obìnrin pọn omi tí wọ́n fi po sìmẹ́ńtì. Ẹni tó ní kòkó mú kòkó wá, wọ́n tà á ra ìṣó. Opó kan yọ ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, ó ní àwọn olè mọ̀ pé òun kò ní nǹkan. Nígbà tí ògiri dé òkè tí páànù kò sì tó, Ọdẹ́tókun gun orí ilé ara rẹ̀, ó ṣí ìhà kan lára òrùlé rẹ̀, ó kó páànù náà fún ìlú. Yàrá tí Ọláìtán ń sùn ló wà lábẹ́ ìhà yẹn. Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ lé ibùsùn ọmọ náà lórí, Ṣẹ̀gilọlá dúró, ó ń wò ó.

Ilé kù díẹ̀ kó parí nígbà tí ọ̀tá gidi dé. Olóyè Ládàpọ̀, ọmọ Òkèsàn tó ti di olówó ní Ìbàdàn, gbọ́ pé ààtàn ti di ilẹ̀ tó mọ́ tónítóní lẹ́bàá títì. Ó wá pẹ̀lú katakata ńlá kan àti àwọn jàǹdùkú, ó ní ilẹ̀ baba ńlá òun ni, òtẹ́ẹ̀lì lòun fẹ́ kọ́ síbẹ̀. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ fọ́nká. Ọdẹ́tókun nìkan ló dúró níwájú ògiri.

“Kúrò lọ́nà,” ni Olóyè wí. “Ilẹ̀ baba mi ni.”

Ọdẹ́tókun rín ẹ̀rín kan tí kò dùn. “Olóyè, nígbà tí ibí yìí jẹ́ ààtàn, kò sẹ́ni tó sọ pé baba òun ló ni ín. Ọmọ mi ni mo fi ra ilẹ̀ yìí. Ẹ ní ọmọ nílé. Bí ẹ bá fẹ́ gbà á, ẹ lọ mú ohun tí mo san wá, kí ẹ san án.”

Awakọ̀ katakata dá ọwọ́ dúró, Olóyè sì jágbe mọ́ ọn. Irin náà rọ́ lu ògiri, ògiri wó lu Ọdẹ́tókun láti itan lọ sí ìsàlẹ̀. Ọkùnrin tí ẹnikẹ́ni kò dá rí, ẹ̀yìn rẹ̀ kanlẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Igbe rẹ̀ ló gbé ìlú dìde. Láwọyin ti Òkèsàn àti Fádáìró ti Ìsàlẹ̀-Omi jùmọ̀ gbé àwókù ògiri kúrò lára rẹ̀. Àwọn obìnrin àdúgbò méjèèjì tò jókòó síwájú katakata, wọ́n ní kó wá gùn wọ́n kọjá. Awakọ̀ bẹ́ sílẹ̀, ó sá lọ. Àwọn jàǹdùkú tẹ̀lé e, ọkọ̀ Olóyè sì fi ẹ̀yìn rìn kúrò nílùú. Wọ́n gba Ìjọ̀wà là lọ́jọ́ náà. Ní ilé ìwòsàn, wọ́n gé ẹsẹ̀ Ọdẹ́tókun méjèèjì lókè orúnkún.

Ká ní ibẹ̀ ni ìtàn parí sí, ìtàn tó dára ni ì bá jẹ́. Ṣùgbọ́n ìlú tó ṣẹ́gun ọ̀tá kì í sábà ṣẹ́gun ojúkòkòrò. Ọdẹ́tókun pẹ́ ní ilé ìwòsàn. Kó tó jáde, ó ti rẹ ìlú. Olóyè Ládàpọ̀ fi ẹnu dídùn padà wá: ó tọrọ gáfárà, ó kó àga wá, ó kó tábìlì wá, ó gbé jẹnẹrétọ̀ wá. Ohun kékeré kan ló bẹ̀ fún, pé kí wọ́n kọ orúkọ òun sí géètì. Ìgbìmọ̀ ìlú gbà. Lọ́jọ́ ìṣílé, nígbà tí wọ́n ti Ọdẹ́tókun dé nínú kẹ̀kẹ́ aláìsàn, “Ilé Ìgbafẹ́ Olóyè Ládàpọ̀” ló kà lókè géètì, Olóyè fúnra rẹ̀ sì ti wà ní ìjókòó iwájú.

Láwọyin, tó ti di akọ̀wé ìgbìmọ̀, bẹ̀rẹ̀ létí rẹ̀. “Bàbá, ẹ má bínú. Láìsí jẹnẹrétọ̀ rẹ̀, inú òkùnkùn ni à bá wà.”

“Láwọyin,” ni Ọdẹ́tókun wí, “ẹ kọ orúkọ tó bá wù yín. Òfin kan ni mo fẹ́. Nínú ilé yìí, ẹgbẹ́ eléré kankan kò gbọdọ̀ jẹ́ ti àdúgbò kan ṣoṣo. Ẹ pò wọ́n pọ̀. Bí ẹ bá ti yọ̀ǹda ìyẹn, ẹ tì mí lọ sílé.”

Wọ́n yọ̀ǹda rẹ̀, wọ́n sì pa á mọ́. Láti ọjọ́ náà, àdá kò tún gba ẹ̀mí ọmọ kankan ní Ìjọ̀wà.

Nígbà tí Ọdẹ́tókun kú, ìlú fẹ́ fi ìjàkadì sin ín gẹ́gẹ́ bí a ti ń sin akọni. Wọ́n gbé pósí rẹ̀ dé Ilé Ìgbafẹ́, wọ́n bá géètì ní títì. Ọmọ Olóyè Ládàpọ̀ ló ń ṣègbéyàwó nínú gbọ̀ngàn. Aṣọ́nà ní wọ́n pàṣẹ fóun pé kóun má ṣí i fún òkú. Àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ já a, ṣùgbọ́n Fádáìró, tó ti darúgbó kùjọ́kùjọ́, na ọ̀pá rẹ̀ dí wọn.

“Kò fẹ́ ìjà nígbà tí wọ́n pa ọmọ rẹ̀,” ló wí. “Ṣé nítorí géètì la ó wá jà? Ẹ da yanrìn sójú títì.”

Wọ́n da yanrìn sójú títì. Ọmọ Òkèsàn kan àti ọmọ Ìsàlẹ̀-Omi kan bọ́ aṣọ, wọ́n di ara wọn mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ pósí, orin ìgbéyàwó sì ń dún lẹ́yìn ògiri. Àwọn ọkọ̀ tó ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn tò lọ rẹrẹ. Àwọn awakọ̀ fọn fèrè, wọ́n ṣépè, nígbà tó yá wọ́n sọ̀kalẹ̀, wọ́n ṣí fìlà. Ìgbà náà ni èrò yàgò fún Ṣẹ̀gilọlá. Ó dúró nínú yanrìn títí tí ọ̀kan fi dá èkejì, tó sì na ọwọ́ sí i.

Ìyẹn ló di àṣà. Lọ́dọọdún, bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé, ìjàkadì àkọ́kọ́ ní Ìjọ̀wà, ojú títì ni wọ́n ti ń jà á, géètì á sì wà ní títì. Ọkọ̀ kankan kì í kọjá, ì báà jẹ́ ti ọba. Àwọn ọmọ ìwòyí rò pé nítorí èrò púpọ̀ ni. Orúkọ Olóyè ṣì wà lókè níbẹ̀, wọ́n ń kùn ún lọ́dà tuntun. Ṣẹ̀gilọlá a máa wá ní gbogbo ọdún tó ṣẹ́kù fún un láyé. Bí wọ́n bá ti parí ti ojú títì, tí wọ́n ṣí géètì, tí èrò ń wọlé, á gbọn yanrìn kúrò lẹ́sẹ̀, á sì máa lọ sílé.